Irin Tí Ara Kó Pamọ́ àti Irin Tí Ara Rí Ná

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ wá láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun àti agbègbè Ọjà Ọba, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò kárí, mo kí yín kú ìjókòó, mo sì kí yín kú ìdúró. Bí ara ènìyàn ṣe ń tọ́jú irin àti bí ó ṣe ń yọ ọ́ lò ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan pé irin ni mo fẹ́ wá sọ̀rọ̀ lé lórí ní Òṣogbo, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ilé iṣẹ́ irin ìlú yìí ti gbà mí síṣẹ́ ni. Mo dá a lóhùn pé ilé iṣẹ́ irin tí mò ń sọ wà lábẹ́ awọ ara òun fúnra rẹ̀, tọ̀sán-tòru ni ó sì ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí mo bá wá kò ju ẹyọ kan lọ: irin tí a kó pamọ́ yàtọ̀ sí irin tí a rí ná. Irin lè kún ara ènìyàn kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má sì tó, bí ẹni tí kò rówó ná kò ṣe fi dandan jẹ́ ẹni tí kò lówó. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá yé wa, a ó mọ ìdí tí kò fi yẹ kí a máa ra oògùn ẹ̀jẹ̀ mu bí ẹni ń ra omi inú ọ̀rá.

Àwọn tó ń ki Ògún a máa ní ó lómi nílé, ó fẹ̀jẹ̀ wẹ̀. Mi ò ní purọ́ mọ́ àwọn baba wa pé wọ́n ti fi awò rí irin nínú ẹ̀jẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí mo bá gbọ́ oríkì náà, ó máa ń ṣe mí bíi pé wọ́n sún mọ́ ọn.

Bí a bá kó gbogbo irin tó wà lára àgbàlagbà ọkùnrin jọ, nǹkan bíi gíráàmù 4 ni. Ti obìnrin a máa kéré sí i, ó lè jẹ́ gíráàmù 3 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Káfíńtà tó bá wà níbí lè fojú wọ̀n ọ́n: ìṣó kan tí ó gùn ní íǹṣì méjì àbọ̀ ni. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìṣó yìí ló wà nínú hemoglobin, purotéènì tó mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ́n, tí ń gbé ọ́síjìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí ibi gbogbo. Ẹyọ hemoglobin kan gbé irin mẹ́rin dání, irin kọ̀ọ̀kan sì lè di ọ́síjìn kan mú. Díẹ̀ wà nínú ẹran ara, díẹ̀ sì wà nínú àwọn purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń sọ oúnjẹ di agbára. Èyí tó kù, tí ó lè tó gíráàmù 1 lára ọkùnrin, ló wà ní ìpamọ́: nínú ẹ̀dọ̀ ní pàtàkì, nínú mùdùnmúdùn egungun, àti nínú ẹ̀yà kan tó fara pamọ́ sábẹ́ egungun ìhà òsì, tí àwọn àgbà ń pè ní ọlọ inú.

Kí ló dé tí ara kò fi jẹ́ kí irin máa rìn fúnra rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí iyọ̀ ṣe ń rìn? Ẹ lọ wo ìdáhùn nínú korobá omi. Ní ilé kan tí mo gbé rí ní apá Òkè-Baálẹ̀, omi tí ẹ̀rọ ń fà jáde láti inú borehole a máa mọ́ gaara bí a bá pọn ọ́n ní ìrọ̀lẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó ti pọ́n bí omi amọ̀, ìgẹ̀dẹ̀ pupa kan a sì ti sùn sí ìsàlẹ̀ korobá, tí ọṣẹ kì í mú kúrò. Ìyá onílé a ní ọmọ ẹnì kan ló da nǹkan sí i. Kò sí ọmọ tó da nǹkan sí i. Irin ló bá omi náà wá láti abẹ́ ilẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, ojú wa kò sì rí i nítorí pé ó ti yòrò. Nígbà tí afẹ́fẹ́ òru fẹ́ sí i, ó di ìpẹtà, ó sì rì.

Irin tó yòrò àti irin tó rì, ọ̀kan náà ni wọ́n, àfi pé èkejì ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan sí i, ìyẹn ẹyọ iná tín-ín-tìn-ìn-tín tó wà lára gbogbo nǹkan. Bí irin bá ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì, n ó máa pè é ní irin oníméjì lónìí. Bí ó bá ti pàdánù mẹ́ta, n ó máa pè é ní irin onímẹ́ta. Irin oníméjì yòrò nínú omi, ara rẹ̀ sì yá. Irin onímẹ́ta kì í fẹ́ yòrò nínú omi tí kò kan. Omi ara wa kò kan, ọ́síjìn sì wà nínú rẹ̀ níbi gbogbo, nítorí náà, bí a bá fi irin sílẹ̀ láìsí alábòójútó, ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú korobá Òkè-Baálẹ̀ ni yóò ṣẹlẹ̀ nínú iṣan wa.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ wà. Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń lo ọ́síjìn, hydrogen peroxide díẹ̀ máa ń ti ibẹ̀ jáde, ohun kan náà tí àwọn onírun fi ń bó irun dúdú. Bí irin oníméjì bá pàdé rẹ̀, wọn a bí ọmọ burúkú kan tí ń jẹ́ hydroxyl radical. Kì í pẹ́ láyé rárá, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó bá nítòsí tí kì í bàjẹ́: ọ̀rá ara sẹ́ẹ̀lì, purotéènì, títí dé DNA tí a fi ń jọ bàbá àti ìyá wa. Ní 1894 ni ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, H. J. H. Fenton, kọ̀wé lórí ohun tí irin àti peroxide máa ń ṣe bí wọ́n bá pàdé, ọ̀rọ̀ inú ìgò àyẹ̀wò sì ni nígbà náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ara ènìyàn. Ẹni tó bá ń ta epo bẹntiróòlù mọ irú ìtọ́jú tí mò ń sọ: ọjà tí ìlú kò lè ṣe aláìní, tí a kò sì gbọ́dọ̀ gbé kalẹ̀ lásán sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.

Purotéènì tí ara fi ń tọ́jú ọjà yìí ni ferritin. Onímọ̀ ará Czech kan, Vilém Laufberger, ló kọ́kọ́ yọ ọ́ jáde ní 1937 láti inú ọlọ inú ẹṣin, ó sì lé ní ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo rẹ̀ tó jẹ́ irin. Ẹ fojú inú wo akèrègbè tí inú rẹ̀ ṣófo, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe odidi, tí ó jẹ́ ẹ̀là 24 tó wọ inú ara wọn láìsí ìṣó, láìsí àtè. Láti ẹ̀yìn dé ẹ̀yìn, nánómítà 12 ni. Ihò inú rẹ̀ jẹ́ nánómítà 8. Bí a bá to nǹkan bí 83,000 wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mìlímítà 1 péré ni wọn yóò gbà. Síbẹ̀, ẹyọ kan lè gba irin tó 4,500 sínú.

Oríṣi ẹ̀là méjì ló wà nínú àwọn 24 yìí, wọ́n ń pe ọ̀kan ní H, wọ́n ń pe èkejì ní L. H ló pọ̀ jù nínú ferritin ọkàn, L ló pọ̀ jù nínú ti ẹ̀dọ̀, iṣẹ́ wọn kò sì jọra. Ihò tóóró mẹ́jọ kan wà lára akèrègbè náà tí irin oníméjì lè gbà wọlé. Bí ó bá ti wọlé, ẹ̀là H a gbà á, a fi ọ́síjìn yọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan lára rẹ̀, irin náà a sì di onímẹ́ta. Ẹ̀là L ní tirẹ̀ a pèsè ibi tí àwọn irin onímẹ́ta yóò ti máa tò jọ nínú ihò, àwọn àti ọ́síjìn àti fọ́sífétì díẹ̀, títí wọn yóò fi di èérún òkúta kan tó jẹ́ ọmọ ìyá ìpẹtà. Ohun tó ń ba ọ̀bẹ ilé ìdáná jẹ́, tó ń lu páànù òrùlé wa ní ihò, òun ni ara mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe nínú yàrá tí ògiri yí ká, kí irin má baà rí hydrogen peroxide bá pàdé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ yìí, kò sì tíì sú mi láti sọ ọ́.

Sẹ́ẹ̀lì kì í kàn mọ ferritin jọ bí amọ̀kòkò tí kò rí oníbàárà. Ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń mọ ọ́n wà nílẹ̀ nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n bí irin bá wọ́n, purotéènì olùṣọ́ kan a jókòó lé ìwé náà lórí, kò ní jẹ́ kí wọ́n kà á. Bí irin bá dé, olùṣọ́ a dìde, iṣẹ́ a sì bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láìdúró de ìwé tuntun.

Ó wá ku bí a ṣe ń yọ ọ́. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí àwọn ìyá aláró bá mi dá sí i, nítorí pé ìlú aró ni Òṣogbo, kẹ́mísírì tí mo fẹ́ sọ yìí sì ti wà lọ́wọ́ yín kí ilé ẹ̀kọ́ gíga kankan tó dé. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo jókòó ti ìyá kan nídìí ìkòkò aró rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ó ti fi ẹ̀kọ ya àwọn nǹkan sára aṣọ funfun kan, ó ti gbẹ, ó wá ń kì í bọ inú ìkòkò. Mo ti rò pé omi inú rẹ̀ yóò dúdú, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi ọwọ́ gbá ìfófòó orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi tó pọ́n ràkọ̀ bí ewé tó fẹ́ wọ́ ni mo rí. Nígbà tí ó fa aṣọ yọ, àwọ̀ ewé ló ní, omi ń kán tó-tó-tó lára rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ sórí igi. Kí n tó ka ọgọ́rùn-ún, ó ti ń ṣú, ó di búlúù lójú mi kòrókòró. Mo ní, "Ẹ̀yin màmá, kí ló ṣe é?" Wọn kò tilẹ̀ wo ojú mi. Wọ́n ní, "Afẹ́fẹ́ ti gbà á."

Òótọ́ ni màmá sọ. Aró tó ti di búlúù kì í yòrò nínú omi. Nínú ìkòkò tó ti kẹ̀ pẹ̀lú omi eérú fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín a dá ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù padà fún un, àwọ̀ búlúù rẹ̀ a lọ, a yòrò, a sì rí ọ̀nà wọ inú òwú. Bí afẹ́fẹ́ bá tún gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà lọ́wọ́ rẹ̀, a padà di búlúù, a sì há sínú òwú tí omi kò fi ní lè fọ̀ ọ́ jáde. Iye ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tí aró ń gbà kò bá ti irin mu, kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan má lọ kọ ohun tí mo sọ sínú ìdánwò, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ jọra. Irin yòrò wọ inú ferritin, ó sì há síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ́ gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ìkòkò aró: kí ó dá ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan padà fún irin onímẹ́ta, kí ó di oníméjì, kí ó tún lè yòrò jáde.

Nínú ìgò àyẹ̀wò, àwọn èròjà tó lè fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tọrẹ lè mú kí irin máa jáde lára ferritin díẹ̀díẹ̀ láìfọ́ ọ. Nínú sẹ́ẹ̀lì alààyè, ọ̀nà tí ó hàn pé ó ṣe pàtàkì jù ni kí wọ́n fọ́ akèrègbè náà pátápátá. Ní 2014 ni àwọn olùwádìí fi hàn pé purotéènì kan tí ń jẹ́ NCOA4 ló ń mú ferritin lọ́wọ́, láti ara ẹ̀là H rẹ̀, tí ó sì ń fà á lọ sínú lysosome, àpò inú sẹ́ẹ̀lì tí omi rẹ̀ kan tó omi tòmátò, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ohun àlòkù run. Nínú omi kíkan yìí, ògiri ferritin a tú palẹ̀, òkúta irin a yòrò, irin náà a padà di oníméjì, a sì bọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì. Bí irin bá pọ̀ tẹ́lẹ̀, NCOA4 gan-an ni sẹ́ẹ̀lì ń pa run, kò ní sí ẹni tí yóò fa ferritin lọ síbi kankan. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ètò yìí ni pé ẹni tó ń kó pamọ́ ọ̀tọ̀, ẹni tó ń yọ ọ̀tọ̀, bí ìgbà tí akápò kò lè dá nìkan buwọ́ lu ìwé ìgbowó ẹgbẹ́.

Irin tó bọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì lè di lílò níbẹ̀, ó sì lè jáde sínú ẹ̀jẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni a mọ̀ tí irin ń gbà jáde láti inú sẹ́ẹ̀lì sínú ẹ̀jẹ̀. Ferroportin ni orúkọ rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ó padà sídìí rẹ̀. Bí irin ṣe ń jáde, wọ́n tún sọ ọ́ di onímẹ́ta kí transferrin lè gbé e. Transferrin ni ọ̀kadà irin nínú ẹ̀jẹ̀: èrò méjì péré ló lè gbé, lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìjókòó àwọn ọ̀kadà náà ló máa ń ní èrò. Èyí tó kù ṣófo nítorí irin tó bá dé láìròtẹ́lẹ̀. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó nílò irin, wọn a gbé òun àti èrò rẹ̀ wọ inú àpò kan tí omi rẹ̀ kan díẹ̀, ọwọ́ transferrin a dẹ̀, irin a sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kadà a sì padà sójú títì.

Ìwúlò mìíràn wà fún dídi irin mú báyìí. Funfun ẹyin ní purotéènì kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí transferrin. Ní 1944, Arthur Schade àti Leona Caroline kọ̀wé pé funfun ẹyin tútù kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò àrùn gbèrú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi irin kún un, àwọn kòkòrò náà a bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrú padà. Ebi irin ni ẹyin fi ń pa wọ́n. Láìpẹ́ sígbà náà ni wọ́n rí i pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ní irú rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí á ṣírò ìnáwó ojoojúmọ́. Sẹ́ẹ̀lì pupa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ti gbó, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń jẹ́ macrophage, tí wọ́n lúgọ sínú ọlọ inú àti ẹ̀dọ̀, a gbé e mì, wọn a tú hemoglobin rẹ̀, wọn a sì yọ irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀dọ̀ wọn ni mìlígíráàmù 20 sí 25 irin ti ń padà sínú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́, tí mùdùnmúdùn egungun fi ń mọ sẹ́ẹ̀lì tuntun. Èyí tó ń wọlé láti inú oúnjẹ kò ju mìlígíráàmù 1 sí 2 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ẹ̀fọ́ tí a jẹ lánàá ló di ẹ̀jẹ̀ wa lónìí. Ẹ̀jẹ̀ àná ló di ẹ̀jẹ̀ òní, ẹ̀fọ́ kàn ń dí àlàfo ni.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Oríkèé ọwọ́ àti orúnkún rẹ̀ ti ń wú fún bí ọdún méjì nígbà tí àárẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú un gidigidi. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, PCV rẹ̀, ìyẹn iye tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 27, ó sì yẹ kí ó ju 36 lọ. Ẹnì kan tó ń ta oògùn ládùúgbò sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, ó ta ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un àti oníhóró irin, ẹ̀gbọ́n mi sì lò ó fún oṣù mẹ́ta gbáko. Inú rẹ̀ ń dun, ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí èédú, ó ní ìyẹn ló fi mọ̀ pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, PCV jẹ́ 26. Nígbà náà ló tó pè mí, mo sì kọ́kọ́ bínú pé èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni kò rí bi léèrè. Dókítà tí mo mú un lọ bá ní kí wọ́n yẹ ferritin rẹ̀ wò. Ó jẹ́ 340.

Kí ferritin jẹ́ 340 túmọ̀ sí pé irin kò wọ́n nílé rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló tì. Ẹ̀dọ̀ máa ń ṣe purotéènì kékeré kan tí kò ju amino acid 25 lọ, ìyẹn àwọn ẹ̀rún tí a fi ń mọ purotéènì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ hepcidin. Ní nǹkan bí ọdún 2000 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọ̀gá gbogbo ètò tí mo ti ń sọ bọ̀. Ní 2004, Elizabeta Nemeth, Tomas Ganz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé hepcidin a máa lẹ̀ mọ́ ferroportin, ẹnu ọ̀nà tí mo ní kí ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ kan, sẹ́ẹ̀lì a sì gbé ẹnu ọ̀nà náà mì, a jẹ ẹ́ run. Bí irin bá pọ̀ lára, hepcidin a pọ̀. Bí irin bá wọ́n, hepcidin a lọ sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà a sì ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún lè gbé hepcidin sókè, ìyẹn ni kí ogun wà nínú ara: àrùn, egbò tí kò jinná, tàbí oríkèé tí ń wú bíi ti ẹ̀gbọ́n mi. Ara kì í dúró béèrè bóyá kòkòrò ló fa ogun náà. Ó rántí ọgbọ́n funfun ẹyin, ó ti gbogbo ilẹ̀kùn irin kí ọ̀tá má baà rí jẹ.

Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà. Owó wà ní báǹkì, wọ́n fi hàn yín lórí fóònù pé ó wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìgbowó kò pọ̀ ọ́n jáde, ẹlẹ́ja kò sì gba ohun tó wà lórí fóònù. Bí mùdùnmúdùn egungun ẹ̀gbọ́n mi ṣe wà nìyẹn. Irin wà nínú macrophage rẹ̀, ó kún ferritin fọ́fọ́, kò sì rí ọ̀nà jáde. Èyí tó ń gbé mì lójoojúmọ́ ńkọ́? Sẹ́ẹ̀lì ìfun náà ń lo ferroportin kan yìí kí irin tó lè kọjá sínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn ti tì, irin ń dúró sínú sẹ́ẹ̀lì ìfun, sẹ́ẹ̀lì ìfun sì ń gbó, ó ń bọ́ dànù láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tí kò tilẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì ìfun ló sọ ìgbẹ́ rẹ̀ di dúdú. Ó fi owó ra irin, ó sì ń yàgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dojú ìtọ́jú kọ oríkèé rẹ̀, tí wíwú rẹ̀ lọ sílẹ̀, PCV rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láìjẹ́ pé ó fi hóró irin kankan kún un.

Ibà náà ń gbé hepcidin sókè báyìí. Ọmọ tí ibà ń ṣe kì í fi bẹ́ẹ̀ gba irin láti inú oúnjẹ tàbí oògùn nígbà tí ibà náà wà lára rẹ̀, àìtó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í sì í ṣe ti irin nìkan, nítorí pé kòkòrò ibà fúnra rẹ̀ ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa. Kí a kọ́kọ́ wo ibà sàn ni.

Mo ní láti dúró díẹ̀ lórí àyẹ̀wò ferritin nítorí pé àwọn ènìyàn máa ń ṣì í kà. Akèrègbè tí mo ṣàpèjúwe ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, lára ẹni tí kò ṣàìsàn, iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ a máa bá iye tó wà ní ìpamọ́ mu. Bí ó bá kéré sí máíkírógíráàmù 15 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí irin ìpamọ́ rẹ̀ ti tán, kò sì sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àrùn àti wíwú ara máa ń gbé ferritin sókè fúnra wọn, nítorí náà, nínú ìlànà tí àjọ náà gbé jáde ní 2020, wọ́n gbé ààlà yìí lọ sí 70 fún àgbàlagbà tí àrùn tàbí wíwú bá wà lára rẹ̀. Nọ́ńbà tó dára lójú lè jẹ́ irọ́ bí a kò bá mọ̀ bóyá ogun wà nínú ilé. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń fi àyẹ̀wò mìíràn tì í, títí kan iye ìjókòó transferrin tó ní èrò.

Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ mi sọ pé irin kì í wọ́n lára ènìyàn. Ó ń wọ́n, ó sì ń wọ́n gidi: lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ pọ̀, lára ọmọ tí aràn ìfun ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, lára aboyún, tí oyún rẹ̀ lè gba irin tó gíráàmù 1 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Aboyún tí wọ́n fún ní oògùn irin ní ilé ìwòsàn, kí ó lò ó. Ní ti oúnjẹ, irin tó wà nínú ẹran àti ẹ̀dọ̀ màlúù rọrùn fún ìfun láti gbà. Ti ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ jẹ́ onímẹ́ta ní pàtàkì, iṣẹ́ ìkòkò aró náà ló sì ń dúró dè é lẹ́nu ìfun, kí wọ́n sọ ọ́ di oníméjì kí ó tó lè wọlé. Vitamin C inú ọsàn ń bá wọn ṣe é. Tíì a máa di irin mú kí ó tó débẹ̀. Ẹni tí irin rẹ̀ kò tó, kí ó jẹ́ kí àlàfo wà láàárín oúnjẹ rẹ̀ àti ife tíì.

Apá tó kù ni ti irin tó pọ̀ jù, ó sì kan ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú yìí nítorí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tí òyìnbó ń pè ní sickle cell, tí ó máa ń mú kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ lára. Nínú gbogbo ohun tí mo sọ láti àárọ̀, ẹ kò gbọ́ kí n sọ ibi tí ara ń da irin àṣẹ́kù nù sí. Kò sí. Kíndìnrín lè da iyọ̀ nù, ó lè da omi nù, ṣùgbọ́n ara kò ní ọ̀nà kankan tí ó fi ń mọ̀ọ́mọ̀ da irin nù. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé nìkan ló lè tì. Fífa ẹ̀jẹ̀ síni lára kò sì gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá. Àpò ẹ̀jẹ̀ kan ní irin mìlígíráàmù 200 sí 250, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó irin tí ènìyàn yóò gbà láti inú oúnjẹ fún oṣù mẹ́fà. Ọmọ tí wọ́n ti fa ogún àpò sí lára ti gba irin ìṣó kan gbáko lé orí èyí tó ní tẹ́lẹ̀. Ferritin a gbà títí, yóò kún. Èyí tí wọ́n jẹ ní ìlàjì nínú lysosome a di ìgẹ̀dẹ̀ tí a ń pè ní hemosiderin, èyí tó ṣòro láti yọ. Bí ọ̀kadà transferrin bá sì kún, irin a máa fẹsẹ̀ rìn kiri, a wọ inú ọkàn, a wọ inú ẹ̀dọ̀, a sì ṣe ohun tí Fenton kọ sílẹ̀ ní 1894. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí òbí fún ọmọ tó ní àrùn yìí ní oògùn irin láìjẹ́ pé àyẹ̀wò ti sọ pé ó nílò rẹ̀, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ funfun.

Oògùn wà tí ń ṣe iṣẹ́ tí kíndìnrín kò lè dá ṣe. Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn, deferoxamine, ara kòkòrò inú ilẹ̀ kan tí ń jẹ́ Streptomyces pilosus ni wọ́n ti rí i. Kòkòrò náà ń fi irú rẹ̀ já irin gbà nínú erùpẹ̀ fún ara rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni, ó sì ń gba wákàtí púpọ̀. Àwọn oníhóró bíi deferasirox ti wá dé, wọ́n sì rọrùn fún ọmọdé. Ìyá kan tí mo mọ̀, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ deferoxamine fún ọmọ rẹ̀, pè mí lóru ọjọ́ kan, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ní ọmọ òun ń tọ ẹ̀jẹ̀. Mo bi í bí ó ṣe rí. Ó ní kò ki, kò dì, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí omi zobo tí wọ́n ti bu omi lé. Mo ní kí ó pe dókítà rẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, ó pè é, dókítà sì sọ fún un pé oògùn náà ló di irin mú tí ó sì ń gbé e jáde, pé ara ohun tí wọ́n ń retí ni. Ó tún pè mí padà. Ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, ó ní, "Ṣé irin náà wá nìyẹn, nínú póò?" Mo ní òun ni.